Yàrá kan ń dúró dè ọ́ létí òkun

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àyọ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ fée rẹ̀ ti ń rọlẹ̀? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìbéèrè tí o fi parí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè dáhùn. O ní, "Yàrá tí a máa sùn sí ńkọ́, ṣé ó ti dára?" Ọ̀rẹ́ mi, kò dára nígbà náà. Mo wá sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí mo bá lè sọ pé ó dára láìpurọ́ ni màá gbé bírò. Òní lọjọ́ náà.

Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣì í ṣe, torí o mọ̀ mí dáadáa, o ò ní gbà pé mo ṣe é bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́ ilé yìí ni mo ti sọ pé yàrá tó kọjú sí òkun di ti àlejò. Inú mi dùn débi pé gbogbo ohun tí mo bá ti rí tó jọ mọ́ òkun ni mo ń rà. Ìrọ̀rí mẹ́rin tí wọ́n ya ìdákọ̀ró sí lára, mo rà á. Àwòrán ilé ìmọ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi onígi tí kò ju apá lọ, ẹja ìràwọ̀ gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ni mo rà. Mo tún ra pákó kan tí wọ́n kọ "ETÍKUN" sí gàdàgbà, tí wọ́n sì ya ọfà sí nísàlẹ̀. Ibi tí mo kàn án mọ́, fèrèsé ni ọfà náà ń nà sí. Bàbá Tóyìn dúró síwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ló fẹ́ sùn níbí tí kò ní mọ̀ pé etíkun lòun wà?" Ó dùn mí lọ́jọ́ náà o. Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Òkun ń pariwo tọ̀sán tòru lẹ́yìn fèrèsé, èmi wá ń fi pákó júwe rẹ̀ fún ènìyàn.

Èyí tó burú jù ni ti àwọ̀n. Mo rí àwọ̀n ìpẹja kan tí wọ́n ti jù nù sórí iyanrìn, ó ti gbó, okùn rẹ̀ ti ṣá dáadáa. Mo gbé e wálé, mo gbọ̀n ọ́n nù, mo fi í kọ́ ògiri lókè orí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Mo fọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, òun náà tutù. Bẹ́ẹ̀, òjò ò wọlé, páìpù kankan ò sì jò. Mo wá ká àwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ògiri ti bu! Àmì dúdú wínníwínní ti gba ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sínú báàgì nígbà tí kò tíì gbẹ.

Iyọ̀ ló fà á. Kò sí ohun tó ti inú òkun jáde tí kò ní iyọ̀ lára, iyọ̀ sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. O mọ bí iyọ̀ inú ike ṣe máa ń dì pọ̀ nígbà òjò? Òun náà nìyẹn. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti dé nǹkan bí 75 nínú 100, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mumi títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi yọ́. Lóru létí òkun, ìgbà púpọ̀ ni ọ̀rinrin máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé àwọ̀n ni mo gbé kọ́, àṣé kànrìnkàn ni.

Àyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kí n wá tẹ́ ẹ sùn sábẹ́ ògiri tó bu! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, àti ìrọ̀rí, àti àwọ̀n, àti pákó ọlọ́fà, mo fi yàrá sílẹ̀ lófìfo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo wá ń rò ó. Ẹni tó ti rìn ọ̀nà jíjìn wá sétí òkun, òkun ti wà lójú rẹ̀, kò dìgbà tí mo bá fi hàn án. Ohun tí òkun kò lè fún un ni kó bá lọ́dọ̀ mi: ibi gbígbẹ, oorun tó dùn, àti ibi tí yóò sá aṣọ tútù sí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo rà fún yàrá yìí lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, iye ọ̀rinrin inú yàrá ló ń sọ. Tó bá ti ń pẹ́ lórí ohun tó ju 60 lọ, aṣọ àti ògiri á máa bu nìyẹn. Tó bá sì wà lábẹ́ 50, àwọn kòkòrò inú eruku tí ojú ò lè rí, àwọn tó ń ru ikọ́ fée sókè, kì í lè gbèrú. Mo wá ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, kò tíì di alẹ́ tí korobá inú rẹ̀ ti kún fún omi. Omi láti inú yàrá tí mo rò pé ó gbẹ! Mo fọ ògiri, mo fá a, mo jẹ́ kó gbẹ dénú, a tó fi ọ̀dà tó ń lé èébu sá kùn ún.

Ní ti àwọ̀, o kọ̀wé pé kí n kùn ún ní búlúù. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo kun páálí ńláńlá mẹ́ta, búlúù, funfun báláú, àti funfun tó fi díẹ̀ jọ iyanrìn gbígbẹ, mo fi wọ́n ti ògiri fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣe ni mo ń wọlé láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, bí olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Funfun báláú ò ṣeé wò lọ́sàn-án, torí oòrùn á kọ́kọ́ lu omi, á lu iyanrìn, á wá gba fèrèsé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Búlúù dára láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ó máa ń di àwọ̀ eérú, yàrá á wá dà bí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Èyí tó jọ iyanrìn ló wọlé. Má bínú, mi ò da búlúù rẹ nù. Mo fi kun inú férémù fèrèsé, ìyẹn apá tí ògiri fi nípọn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Tí oòrùn bá ti kàn án, díẹ̀ nínú rẹ̀ á tàn sórí ògiri. Ìyẹn ti tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ rí kò sí lára ògiri. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọ̀dà ti gbẹ, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bíi pé èmi ni àlejò. Mo gbórí lé ìrọ̀rí, mo wo ìta. Sánmà nìkan ni mo rí. Mo dìde jókòó, òkun dé. Mo tún dùbúlẹ̀, òkun lọ. Ẹsẹ̀ fèrèsé ló ga ju ojú mi lọ. Kí ènìyàn wá sùn sétí òkun, kó jí, kó má rí omi! Mo kó ìwé sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo dùbúlẹ̀ wò ó. Mo fi òmíràn kún un, mo tún dùbúlẹ̀. Bàbá Tóyìn gbọ́ ariwo, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan, ó padà. Níkẹyìn, káfíńtà bá mi gé gegele pákó mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 18, ó dá ihò sí wọn lórí kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lè wọ̀ ọ́ ṣinṣin. Ní báyìí, tí o bá gbórí lé ìrọ̀rí méjì, ìlà tí sánmà ti pàdé òkun á gba àárín fèrèsé kọjá gééré. Bẹ́ẹ̀dì náà ti wá ga díẹ̀. Mo sì mọ bí o ṣe kúrú tó, má bú mi, mo ti fi àpótí kékeré kan síbẹ̀ tí o máa fi gùn ún.

Mo gbé dígí kan sí ògiri tó kọjú sí fèrèsé, kí ẹni tó bá kẹ̀yìn sí òkun náà lè rí i. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń jẹ ẹ̀yìn dígí, etí rẹ̀ á wá dúdú, nítorí náà mo ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ yíká kí wọ́n tó gbé e kọ́.

Ọ̀rọ̀ irin ni mo fẹ́ kí o gbọ́, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Mo ti tẹ́ aṣọ ibùsùn tuntun, funfun, aṣọ ọ̀gbọ̀ gidi, èyí tí mo ti tọ́jú fún ẹ tipẹ́. Ìkọ́ kan wà lájà tí a fi so néẹ̀tì ẹ̀fọn rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àmì pupa rúsúrúsú kan ti wà láàárín aṣọ náà, ó tó orí èékánná. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mo gbójú sókè, mo rí ìkọ́ náà tó ti dípẹtà, omi ìrì ti gbá jọ sí ṣóńṣó rẹ̀, òmíràn sì ti fẹ́ kán. Ìkọ́ náà kò tíì lo oṣù méjì! Ẹni tó tà á fún mi sọ pé stainless ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n stainless pọ̀ ní oríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 ló wọ́pọ̀, ó dára nínú ilé tó jìnnà sí òkun. Létí òkun, 316 ni kí ènìyàn béèrè. Wọ́n ti fi nǹkan kan tó ń jẹ́ molybdenum sí i, ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló ń jẹ́ kó lè bá iyọ̀ jà. Ó wọ́n díẹ̀. Mo pààrọ̀ gbogbo ìkọ́ àti súkúrúù yàrá náà sí i, mo sì fi idẹ ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn. Idẹ náà máa ń ṣú, àmọ́ kì í kán sórí aṣọ ẹni.

Mo pàpà kó ìkarahun díẹ̀ wọlé. Mi ò lè dá a dúró, bí mo bá rìn létí omi láàárọ̀, ọwọ́ mi kì í ṣófo padà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kó mẹ́fà sórí tábìlì yàrá náà, mo pa iná, mo ń jáde lọ. Mo gbọ́ kẹrẹ, kẹrẹ, kẹrẹ. Mo dúró. Kò dún mọ́. Mo ṣí ẹsẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo tan iná, márùn-ún ló wà níbi tí mo kó wọn sí, ẹ̀kẹfà ti rìn dé etí tábìlì, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bíi mélòó kan ti yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo ké! Alákàn ni. Irú èyí kì í ní ìkarahun líle tirẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí ìgbín òkun bá kú fi sílẹ̀ ló ń wọ̀, tó bá sì dàgbà, á kó lọ sí èyí tó tóbi jù. Ayálégbé ni. Mo ti gbé òun àti ilé tó háyà wálé láìmọ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì gbé e padà síbi tí mo ti mú un, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èyí tó ti fọ́ tàbí tó ti lu nìkan ni mo ń ṣà, torí kò sí alákàn tó máa fẹ́ gbé inú ilé tó ń jò.

Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kò ju méje lọ. Mo rẹ wọ́n sínú omi lásán, mo ń pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, mo sè wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú wọn. Ẹnì kan ní kí n fi fínígà fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè dán. Má dán an wò láé. Bí mo ṣe ju ọ̀kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ohun tó wà nínú òkúta ẹfun náà ló wà nínú ìkarahun, fínígà sì máa ń jẹ ẹ́ ni. Nígbà tí mo yọ ọ́, dídán rẹ̀ ti lọ, ó ti rí bí eyín arúgbó.

Àfọ́kù ìgò tí òkun ti yí títí tí etí rẹ̀ fi kú, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Mo kó o sínú abọ́ dígí lórí ẹsẹ̀ fèrèsé. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àwọ̀ ewé, búráùn àti funfun, torí ìgò àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ láyé. Pupa ṣọ̀wọ́n gan-an, mi ò tíì rí ẹyọ kan. Àyọ̀ lè bá mi wá a.

Okùn ló kù. Kí o ka àmì ohùn dáadáa o, mo ní okùn, mi ò ní òkun. Mo fẹ́ fi okùn nípọn so igi kan rọ̀ láti máa sá aṣọ ìnura sí. Okùn àpò ìdọ̀họ rẹwà, ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin bá mú un, ó máa ń jẹrà, nítorí náà òwú ni mo lò, èyí tí mo lè tú fọ̀. Igi náà ni òkun gbé wá, ó gùn tó mítà kan àti ààbọ̀, omi ti họ ọ́ títí ó fi ń yọ̀ bí eegun. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, nítorí náà mo rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n ìwẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń pààrọ̀ omi láràárọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iyọ̀ ti tán? Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ọjọ́ kẹta, iyọ̀ ṣì wà. Ọjọ́ karùn-ún, díẹ̀ ṣì kù. Ọjọ́ keje ni Bàbá Tóyìn wọ ilé ìwẹ̀, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí mo ti ń lá igi. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ nìkan ni mo lè sọ èyí fún. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi omi oníbílíìṣì fọ̀ ọ́, mo sá a síbòòji fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí tí mo fi gbé e kọ́ gbọọrọ dípò kí n kan ìkọ́ mọ́gi ni pé aṣọ ìnura tí ènìyàn tẹ́ sórí igi máa ń gbẹ kíákíá ju èyí tó ká jọ sórí ìkọ́ lọ.

Ìyókù ò gba àlàyé. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì, ẹní kékeré méjì tí mo lè fọ̀ ló wà nílẹ̀. Kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lo máa bá níbẹ̀, ọ̀kan tó nípọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ sùn pẹ́. Iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì jẹ́ irú tó ní àwọ̀ bí iná àtùpà, kì í ṣe funfun tó ń ṣe ojú báyìí bákan. Mo fi omi sínú ọpọ́n lẹ́nu ọ̀nà ìta fún ẹsẹ̀, páúdà ìkókó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí iyanrìn bá lẹ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀, da páúdà sí i, fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n, gbogbo rẹ̀ á bọ́. Àwọn ìrọ̀rí onídákọ̀ró wà nínú yàrá tiwa. Bàbá Tóyìn ló kó wọn lọ síbẹ̀, ó ní ọrùn òun fẹ́ràn wọn. Mi ò dá a lóhùn.

Sọ fún mi irú ìrọ̀rí tí Àyọ̀ lè lò, àti bóyá dókítà rẹ̀ ní kí o máa fi àpò bò ó. Kọ ọjọ́ tí ẹ máa dé gan-an, má kọ "láìpẹ́" sí mi mọ́. Kí o sì bá mi kí bàbá àwọn ọmọ púpọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́

Mo tún rántí o. Àyọ̀ béèrè bóyá òótọ́ ni pé òkun wà nínú ìkarahun. Sọ fún un pé ariwo tó yí òun ká ló ń wọ inú ihò rẹ̀ lọ tó sì ń ró padà. Kó gbé ife òfìfo sí etí, á gbọ́ ohun kan náà. Ṣùgbọ́n mo ti fi èyí tó tóbi jù nínú méjèèje pamọ́ fún un, kó wá gbọ́ ti ìkarahun àti ti òkun létí ara rẹ̀.

Ìkọ́ kan sì ṣì wà lára ògiri lókè orí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí àwọ̀n wà tẹ́lẹ̀. 316 ni. Mi ò tíì fi nǹkan kan kọ́ ọ. Tí o bá ń dì ẹrù, wò ó bóyá o ní ohun tó yẹ ibẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́, kó má ṣáà ti jẹ́ ìdákọ̀ró.

A.